Èèkù Ọ̀bẹ Tulasa

Ọkọ mi, Dalbir, kì í yára sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá bi í léèrè nǹkan, á kọ́kọ́ ti irin bọ iná, á wò ó títí á fi pọ́n, á lù ú, kó tó dá yín lóhùn. Láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀ ni mo ti ń fẹ ẹwìrì fún un, èmi ni mo sì ń bá a sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ilé kan lórí òkè wa tí kò ní kúkúrì tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ọ̀bẹ ńlá ẹlẹ́yìn títẹ̀ tí wọ́n fi ń gégi, tí wọ́n fi ń pa ewúrẹ́ ọdún, tí ẹni tó bá sọnù sínú igbó fi ń gba ara rẹ̀ là. Síbẹ̀, àwọn tó ni ọ̀bẹ wọ̀nyí kì í mu omi ilé wa, nítorí pé Kámì ni wá, ìran alágbẹ̀dẹ tí wọ́n kà sí aláìmọ́ tí ọwọ́ wọn kò gbọdọ̀ kan tiwọn.

Tulasa wà lára wọn. Opó ni, ẹfọ̀n méjì tó ń fún wàrà wọn tà ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Lásìkò òjò, ó gun igi láti gé ewé fún wọn, ó já bọ́, àpáta sì fọ́ ìka méjì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n ní láti gé wọn kúrò. Ni Tikaram, àbúrò ọkọ rẹ̀, bá ní tí kò bá ti lè gé ewé mọ́ títí ọdún Dasain, òun á wá fa ẹfọ̀n méjèèjì lọ, kí Tulasa wá máa fọ abọ́ fún ìyàwó òun.

Báyìí ni Tulasa ṣe wá dúró sétí àgbàlá wa.

"Dalbir, ṣe ọ̀bẹ tí kò ní bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ọkọ mi tó bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ló ń pè é. Inú bí mi, mo sì fi ìkanra fẹ ẹwìrì.

Sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ mi fi rọ ọ́. Ó lù ú, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá rọra da omi kẹ́tùlù sí ẹnu rẹ̀ nìkan, kí ẹnu lè le, kí ẹ̀yìn má le jù kó má bàa kán. Irin ò yọ wá lẹ́nu. Èèkù ni wàhálà wà.

Ọwọ́ ẹlòmíì, ọkọ mi á dì í mú, á wọn ìka. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti Tulasa. Obìnrin náà dúró lókèèrè, ó na ọwọ́, ọkọ mi sì ń fojú wọ̀n ọ́n. Ó gbẹ́ èèkù. Tulasa gbé ọ̀bẹ, ó fi ṣá igi ìdáná, ọ̀bẹ fò lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ gún elégédé mi.

"Kí ni elégédé fi ṣe ọ́?" ni mo pariwo.

Tulasa jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Àánú ṣe mí, inú sì tún ń bí mi.

"Bàbá Shanti, kí lẹ fẹ́ mọ̀ lára ọwọ́ yìí gan-an?" ni mo bi ọkọ mi.

"Bí ìka ṣe ń pa dé," ló ní. "Ojú lásán ò lè fi hàn mí."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ro òkèlè jéró tán ni. Mo bu ìṣù kan sórí ewé, mo gbé e síwájú Tulasa.

"Fún un mọ́wọ́ bí ẹni di ọ̀bẹ mú."

Ó wò mí. "Oúnjẹ ilé yín?"

"Ta ló ní kóo jẹ ẹ́? Tí ọwọ́ ọkọ mi ò bá lè kan ọwọ́ ẹ, ọwọ́ ẹ á kan nǹkan tiwa. Àbí kóo lọ máa fọ abọ́ ìyàwó Tikaram!"

"Ìyá Shanti, ó tó," ni ọkọ mi wí.

Kò tíì tó. Tulasa na ọwọ́, ó fà á padà, ó wo ojú ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó sì gbá òkèlè náà mú.

"Yéè! Ó gbóná!"

"Ṣé omi tútù la fi ń rò ó ni?"

Kò jù ú sílẹ̀. Ojú ìka mẹ́ta àti àtẹ́lẹwọ́ hàn lára òkèlè náà ketekete. Ọkọ mi sá a sóòrùn títí ó fi le, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó wá gbẹ́ èèkù mìíràn lára ìwo ẹfọ̀n. Òrùka àárín tí kì í wọ́n lára èèkù rẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò. Ó gbẹ́ ihò sílẹ̀ fún ìka mẹ́ta, ó sì tẹ ìdí rẹ̀ wálẹ̀ kó lè há mọ́ ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́. Ó wá fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin.

Lọ́jọ́ tí Tulasa wá gbà á, Tikaram tẹ̀ lé e pẹ̀lú okùn tó fẹ́ fi fa ẹfọ̀n. Tulasa ò wò ó. Ó gun igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ṣá ẹ̀ka kan, ẹ̀ka já. Ó ṣá òmíràn, òun náà já. Ọ̀bẹ ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pariwo ayọ̀, ojú ò tilẹ̀ tì mí.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, òógùn bò ó.

"Ìyá Shanti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi."

Mo gbé kẹ́tùlù sókè láti da omi sí i lọ́wọ́ láti òkèèrè, kí ọwọ́ wa má bàa kanra. Ó gba kẹ́tùlù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́nu, ó mu.

"Omi Kámì!" Tikaram figbe ta. "Obìnrin yìí, ojú ò tì ọ́?"

Tulasa nu ẹnu.

"Ọ̀bẹ Kámì lẹ fi ń pa ewúrẹ́ ọdún, mi ò rí i kẹ́ ẹ bi ẹran yẹn rí. Okùn ọwọ́ yín yẹn, ẹ bá mi fi di ewé ẹfọ̀n mi."

Ọkọ mi tí kì í yára sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.