Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà

Ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 2010 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìjà ẹ̀yà ń ràn bí iná ọyẹ́ ní Etiópíà, tí èmi sì ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ kan ní Jẹ́dà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé ojú yín ni irọ́ ti dé orí fóònù, ẹ fara balẹ̀. Mo ti ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà kí n tó rékọjá òkun, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fọ́ ìyanṣẹ́lódì, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yà ló máa ń gbà wọlé.

Hájì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì ń ti àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Mẹ́kà wọlé ní òkìtì-òkìtì. Yàrá tí a ti ń lọ̀ wọ́n kò ní mukáyìfù, ìyẹn ẹ̀rọ amúlétutù, àfi ooru àti èéfín omi gbígbóná. Ibẹ̀ ni Jàmáálù, ọmọ Òrómò, dákú sí. Mudíìrì, ọ̀gá wa, ní kí wọ́n da omi sí i lórí, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo wa mọ̀ pé bó bá tún ṣubú níbẹ̀, ó lè má dìde mọ́. A fẹnu kò: tílẹ̀ Sátidé bá mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan aṣọ títí mukáyìfù yóò fi dé.

Ará Etiópíà ló pọ̀ jù nínú wa, Òrómò lápá kan, Ámárà lápá kejì. Yìmámù ló ń ṣáájú àwọn Ámárà. Àwo ìrẹsì kan náà ni òun àti Jàmáálù ń jẹ. Lọ́jọ́bọ̀, àwòrán ilé kan tó jóná, tí wọ́n ní èèyàn kú sínú rẹ̀, dé orí fóònù wa. Tẹlifíṣọ̀n tí àwọn Òrómò ń wò ní àwọn Ámárà ló sun ún. Èyí tí àwọn Ámárà ń wò ní àwọn Òrómò ni. Àwòrán kan náà o! Nígbà tí a máa jẹun, àwo ìrẹsì ti di méjì.

Yìmámù ní, "Wallahi, n kò ní dáṣẹ́ dúró nítorí ẹni tó sun ilé wa."

Jàmáálù, tí ara rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, dá a lóhùn: "Ta ló bẹ̀ ọ́? Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n kú síbẹ̀ ju kí apààyàn gbà mí lọ."

Mudíìrì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Àlàájì, ẹgbẹ́ rẹ dà?"

Inú bí mi gidigidi. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́, tiwa sì ti lanu gbàǹgbà.

Mo ní kí Yìmámù fi àwòrán náà hàn mí. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Lára ògiri tó ṣẹ́ kù, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: ILE YI KI SE TITA, E SORA FUN GBAJUE. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo jókòó sílẹ̀.

"Àlàájì, òkú wa lẹ fi ń rẹ́rìn-ín?"

"Pe Jàmáálù wá. Kí ẹ̀yin méjèèjì ka ohun tí wọ́n kọ síbí fún mi."

Wọ́n wò ó títí. "Èdè wo nìyí?"

"Èdè ìyá mi. Ó ní ilé yìí kì í ṣe títà. Lọ́dọ̀ wa, bí o kò bá kọ ọ́ sára ògiri, gbájúẹ̀ á bá ọ ta ilé rẹ fún ẹni méjì. Àwọn oníròyìn yín ti ta èyí fún yín nìyẹn, ẹ sì ti sanwó."

Jàmáálù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Yìmámù kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé àwo rẹ̀, ó da ìrẹsì inú rẹ̀ sórí ti Jàmáálù.

Sátidé dé, a káwọ́ gbera. Mudíìrì halẹ̀, ó ní òun máa dá gbogbo wa padà sílé. Àwọn ọkọ̀ Mẹ́kà ń fọn fèrè níta. Kí wọ́n tó pe ìrun àìlà lọ́sàn-án, mukáyìfù ti dé, wọ́n sì gbé Jàmáálù lọ síbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ.

Ohun tí a jà fún, ọwọ́ wa tẹ̀ ẹ́, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bù ú kù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Hájì, Mudíìrì mú ìhàlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ lórí Yìmámù, ó dá a padà sílé, Jàmáálù fúnra rẹ̀ ló sì bá a gbé àpótí dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ó dùn mí títí dòní. Tẹlifíṣọ̀n méjèèjì kò sì tọrọ àforíjì.

Bí a ṣe ń bọ̀, Jàmáálù bi mí pé, "Àlàájì, ta ló wá sun ilé yẹn, lọ́dọ̀ yín?"

Orúkọ ẹ̀yà kan ti sáré dé orí ahọ́n mi, bẹ́ẹ̀ àwòrán yẹn nìkan lèmi náà rí. Mo gbé e mì.

"N kò mọ̀," ni mo wí.