Ike Sùlíyá àti Ewé Ìyá Rẹ̀

Sùlíyá Àdùkẹ́ ń ta ike ní Agége. Kì í ṣe ike ìfọṣọ, kì í sì í ṣe ike ìpọnmi. Ike oúnjẹ ni, èyí tó nípọn tó sì ní ọmọrí: ti áísíkíríìmù, ti bọ́tà, àti àwọn kékeré tí ìyá ọmọ fi ń di oúnjẹ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ìlúpéjú ló ti ń kó wọn. Ilé-iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ike. Èyí tí ètè rẹ̀ bá wọ́, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ò bá dọ́gba, wọn a tà á lẹ́nu géètì. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí náírà já wálẹ̀, ike tuntun di ohun tí ọwọ́ ò tó mọ́, àwọn èèyàn sì ń wá èyí tó wọ́. Bí Sùlíyá bá kó o délé, a da omi gbígbóná sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a dé e, a ṣí i, a gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá rùn kò ní bá a dé ọjà. Ohun tó ń lọ sẹ́nu ni.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Màrdíyyàh, ń jókòó sí, tó ń ta ewé eéran, èyí tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá ti ń ta ewé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Sùlíyá lọ mú un wá sí Èkó. Kò fẹ́ wá. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bọ́. Ohun tó sọ kó tó wọkọ̀ ni pé ọjọ́ tí ewé ò bá tà mọ́, òun ó palẹ̀ ẹrù òun mọ́, òun ó padà sílé. Bẹ́ẹ̀, nílé ọ̀hún, kò sẹ́ni tó kù tó lè bu omi fún un mu.

Ọjà ewé sì ń kú lọ. Epo ọkọ̀ gbówó lórí, ewé náà gbówó lórí. Àwọn oníbàárà Ìyá ń jò lọ bí omi inú apẹ̀rẹ̀, títí ó fi ku ẹyọ ẹnì kan: Ojúọlápé, obìnrin Aládùúrà tó ń gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Ìlúpéjú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan Ojúọlápé dé, kò yà sídìí ewé. Ẹ̀gbẹ́ Sùlíyá ló lóṣòó sí.

"Ìyá Oníke, ẹ kú ọjà o. Ṣé ike yìí á gba iná?" Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Iná kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ fi sè?"

"Mọ́ínmọ́ín ni. Ewé ti wọ́n jù. Mo lo agolo lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dípẹtà, àwọn òṣìṣẹ́ ń pè mí ní Ìyá Onírin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Màmá gbọ́."

Sùlíyá wo ike ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé á gba iná. Ó sì mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e: ẹrù Ìyá lórí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́.

"Kò lè gbà á o," ló wí. "Yíyọ́ ló máa yọ́. Ẹ kàn máa lo ewé yín."

Ojúọlápé mí kanlẹ̀, ó fẹ́ dìde.

"Sùlíyá." Ìyá ni. Kò gbójú kúrò lára ewé tó ń tò. "Irọ́ nìyẹn."

"Màámi..."

"Mọ́ínmọ́ín tí o gbé fún mi ṣínu nínú àwẹ̀, kí lo fi sè é?"

"Ewé ni, Màámi."

"Ewé! O tú u kúrò nínú ike, o wá gbé e sórí ewé kí n lè rò pé inú rẹ̀ ló ti jinná. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tẹ́ bí orí tábìlì, àmì ilé-iṣẹ́ ike sì hàn lára rẹ̀ gbangba. Ta ló rí mọ́ínmọ́ín tó ní òǹtẹ̀ rí?"

Ojúọlápé bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Mọ́ínmọ́ín olóǹtẹ̀!"

Ojú gba Sùlíyá tì.

"Mo jẹ ẹ́ tán," ni Ìyá wí. "Ó dùn. Mi ò sọ nǹkan kan nítorí wàhálà tí o ti ṣe."

Sùlíyá dorí kodò. "Bí mo bá tà á fún wọn, ẹ ó máa lọ nìyẹn."

Ìyá na ọwọ́ tí oje ewé ti sọ di dúdú, ó mú ike kan, ó fi ìka gbá ìdí rẹ̀, ó ṣí ọmọrí, ó gbé e símú.

"Èyí ò rùn," ló wí. "Bí o bá ń lọ sí Ìlúpéjú, ta ló ń jókòó ti ọjà rẹ? Bí o bá lọ kírun ńkọ́? Èmi ni mo mọ ọmọrí tó bá èyí tó wọ́ mu, ìwọ alára ò mọ̀ ọ́n."

"Màmá ti di oníke!" ni Ojúọlápé wí.

"Panu mọ́, jàre! Eléwé ni mí. Ìwọ tí ò ń sá fún mi yìí, bí o bá gbé ike lé ìsàlẹ̀ ìkòkò lásán, á yọ́ lóòótọ́. Igi ìdí ewé tí a gé kúrò ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Bi Sùlíyá léèrè. Igi ewé tèmi ló jí lò."

Ó ṣa igi ewé jọ, ó dì í, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. "Bá a délé, kí o bá a to ìkòkò. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí omi bo ọmọrí."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màámi?"

"Ṣé mo ní mò ń lọ síbì kan ni?"

Ó ti sún àpótí rẹ̀ sáàárín ewé àti ike. Obìnrin kan ti dúró, ó ń yẹ ike ọbẹ̀ wò. "Ìyàwó, sún mọ́ mi," ni Ìyá ń wí. "Ọbẹ̀ ẹni mélòó lo fẹ́ bù?"

Sùlíyá fi etí ìborùn nu ojú. Ó dìde, ó gbé ike rù, ó mú igi ewé dání, ó tẹ̀lé Ojúọlápé lọ.