Ohùn Tó Wà Nínú Orin Kẹta

Ìyá Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí aago ló ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju ibi tí èèyàn méjì lè dúró sí láìfara kanra. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àti iná kékeré tó tẹ̀ lọ́rùn, àti awò ribiti tó máa ń fi há ojú ọ̀tún. Bí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀ jù, á ní kó jọ̀ọ́ dákẹ́ ná, òun fẹ́ gbọ́ ohun tí aago ń sọ.

Nínú ilé, òun gan-an ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ìtàn kan ni kì í rẹ̀ ẹ́ láti sọ: pé nígbà tí òun wà lọ́mọ ogún ọdún, òun kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ̀ ọ́n sórí. Tó bá ti ní, "Ẹ ẹ̀ mọ̀ pé...", èyí àkọ́bí á bọ́ síta, èyí tó tẹ̀ lé e á bá a parí gbólóhùn náà.

Rẹ́kọ́ọ̀dù kan wà lóòótọ́. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ló ṣe é, ọ̀kan ń kọrin, èkejì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Wọn ò ní onílù, wọn ò ní onígìtá. Inú ẹ̀rọ ni gbogbo ìlù ti ń jáde, ṣá, ṣá, bí ẹni ń fi abẹ gé páálí. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Oníbọ́tìnnì, torí kò sóhun tó ní bọ́tìnnì lára tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yún un láti tẹ̀. Ilé kan náà lòun àti Ìyá Aláago ń gbé nígbà yẹn. Ọjọ́ kan ló gbọ́ tí ọmọbìnrin yìí ń kọrin níbi tó ti ń fọ àtẹ̀gùn, ló bá ní kó wá ṣe elégbè fún àwọn nínú orin kẹta. Ó tẹ̀ lé wọn lọ. Ó kọrin fún odindi ọ̀sán kan nínú yàrá tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀.

Ọ̀ọ́dúnrún péré ni wọ́n tẹ̀ jáde. Rédíò ò lù ú, àwọn oníjó ní kò ṣeé jó sí. Ìyá Aláago gbọ́ tirẹ̀ títí ó fi ha. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń lù ú bàjẹ́, ó ti rẹ́kọ́ọ̀dù náà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó lọ́kọ, ó bímọ, ó kọ́ṣẹ́ aago. Ó tó ọdún mẹ́rìndínlógójì tó gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin wọlé tòun tẹ̀rín, fóònù lọ́wọ́.

"Màámi, mo ti rí rẹ́kọ́ọ̀dù yín o! Ẹnì kan gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló pé."

Ìyá Aláago jókòó. Orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àyà rẹ̀ kọ́kọ́ ń já pé ó lè máa dún bí ìṣeré ọmọdé, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlù ẹ̀rọ yẹn tín-ínrín, ó mọ́, ohùn kíbọ́ọ̀dù ń gun orí ara wọn bí omi tó ń kún. Bàbá àwọn ọmọ, tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì létí fèrèsé, gbé áyọ̀nù dúró.

"Orin yìí mà dáa o. Kí ló dé táwọn èèyàn ò fi rà á?"

"Ẹ dákẹ́ ná, Bàbá wọn. Ẹ jẹ́ kó dórí tèmi."

Orin kẹta dé. Ohùn obìnrin wọlé, ọmọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyàwó mi!" Ìyá Aláago ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n dá a padà. Wọ́n dá a padà. Ó tún ní kí wọ́n dá a padà.

"Èmi kọ́ nìyẹn," ló wí.

"Ẹ̀yin kọ́ bíi ti báwo?"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pe 'sùn'. Mo léjí, eyín iwájú mi là láàárín. Tí mo bá pe 'sùn', á súfèé. Ohùn mi tí mo ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí mo ń gbà sílẹ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́ ń súfèé. Ti ẹni yìí mọ́ tónítóní."

Nígbà èwe, kò tíì mọ bí ohùn òun ṣe ń dún nínú ẹ̀rọ. Wọ́n ní òun ni, ó sì gbà pé òun ni. Ọkọ rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀, pé òun ò kúkú fẹ́ ẹ nítorí orin. Ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ ọ́ létí. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé aago ọlọ́pàá fún dókítà, ó gbé ti dókítà fún ọlọ́pàá.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọkọ̀ lọ bá Bọ̀ọ̀dá Oníbọ́tìnnì níbi tó ti ń tẹ̀wé. Ọkùnrin náà ti pá, yíǹkì ti dúdú sí i lábẹ́ èékánná. Kò tíì kí i tán tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló ṣe elégbè nínú orin kẹta?"

Ó pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. 

"Àbúrò ẹni tá a jọ ṣe é ni, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ọ̀fìnkìn ń yọ ẹ́ lẹ́nu lọ́jọ́ tìrẹ, ohùn ẹ há. A pe ìyẹn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e."

"Ẹ ò wá sọ fún mi?"

"Mo wá. Mo bá gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ ní yàrá yín, ẹ ń lu orin náà, ẹ ń fò sókè. Ẹnu mi wúwo. Nígbà tó yá, ó ti pẹ́ jù."

"Ẹ fi mí ṣe òpùrọ́ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógójì."

"Má bínú, àbúrò. Ẹ̀bi mi ni."

Ó ń bínú. Ó sọ fún un pé òun ń bínú, ó sì jókòó tì í. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló béèrè ibi tí obìnrin yẹn wà. Ọkùnrin náà ní ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó ń gbé ìlú mìíràn. Ó fún un ní nọ́ńbà rẹ̀.

Ìyá Aláago pè é ní iwájú ilé ìtẹ̀wé náà.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ ò mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ orin tí ẹ kọ fún ẹ̀gbọ́n yín ni mo bá wá."

"Háà. Èyí tí wọ́n ti ń tẹ bọ́tìnnì yẹn? Ṣé wọ́n padà ṣe é jáde?"

"Ẹ ò gbọ́ ọ rí ni?"

"Ọjọ́ kejì tí mo kọ ọ́ ni mo padà sílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi rìnrìn àjò, kò dé mọ́. Èmi rò pé wọ́n sọ ọ́ nù ni."

Ìbínú tó kù ní ikùn Ìyá Aláago rọlẹ̀ níbi tó dúró sí. Ó ní kí obìnrin náà má gé fóònù, ó wọlé padà, ó ní kí Bọ̀ọ̀dá lu orin kẹta nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó na fóònù sí i. Ohùn náà wọlé, ó ga, ó mọ́. Ó gbọ́ tí obìnrin náà ń mí lódìkejì fóònù.

"Èmi nìyẹn?" ló béèrè.

"Ẹ̀yin ni mà," ni Ìyá Aláago dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ a jọ gbọ́ ọ parí."