Lúkmàn àti Kásẹ́ẹ̀tì Tó Ń Sáré

Bí ẹ bá dé Adum ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà, tí ẹ bèèrè Lúkmàn tó ń fi kọ̀ǹpútà tún orin ṣe, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló máa júwe ọ̀nà fún yín. Mùsùlùmí ni Lúkmàn o, bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ọ̀fà wá sí Kumasi, ṣùgbọ́n kò sí orin ìyìn tí wọ́n ń kọ nílùú yìí tí kò mọ̀. Akọrin á gbé orin wá lórí fóònù, á ní ó ga jù, ọ̀fun òun ò gbé e. Lúkmàn á gbé ohùn orin náà wálẹ̀ ní ìpele méjì, ìpele mẹ́ta, kò sì ní jẹ́ kó falẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tó ti ń fọ́nnu nìyẹn. "Mo lè sọ ohùn ẹyẹ di ti akọ màlúù," ni yóò wí, "kò sì ní fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ délé." Ẹnu Lúkmàn! Ó ti lé lógójì ọdún, ó láya, ó bímọ mẹ́ta, kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Màmá kan tó ń jẹ́ Sàbírátù ló kọ́ ọ.

Nígbà tiwọn, ní Fante New Town, Sàbírátù àti àbúrò rẹ̀ Lùbàbà ni wọ́n ń fi orin mú ìyàwó jáde nílé bàbá rẹ̀. Lùbàbà á lé orin, ẹ̀gbọ́n á gbè é. Lùbàbà kú lójijì, ó fi ọmọ oṣù mẹ́rin sílẹ̀, Hamdia lorúkọ ọmọ náà. Sàbírátù gbé e, ó pọ̀n ọ́n, ó rán an níléèwé, gbogbo ọjà Asafo tó ti ń tajà ló mọ̀ ọ́n sí ìyá Hamdia. Ní báyìí, Hamdia ń relé ọkọ lọ́jọ́ Sátidé.

"Lúkmàn ọmọ mi," màmá tú kásẹ́ẹ̀tì kan jáde nínú ìborùn, "ohùn Lùbàbà ló wà nínú ẹ̀. Ìyá tó bí Hamdia ló máa kọrin mú un jáde. Èmi ó gbè é. Ṣùgbọ́n orin yìí ga. Ọ̀fun mi ti darúgbó."

"Ei, Màmá! Kékeré paa nìyẹn."

Ní Wẹ́sidé, màmá padà wá pẹ̀lú Bàbá Fuseini ọkọ rẹ̀. Lúkmàn ti gbé ohùn náà wálẹ̀, ó tẹ orin náà kó máa dún, ó ká apá lé àyà. Lùbàbà lé orin: "Ọmọ mi ń relé ọkọ, ta ni yóò bá mi mú un lọ?" Ó dákẹ́ díẹ̀ fún ẹni tí yóò gbè é. Sàbírátù ò tíì mí délẹ̀ tí Lùbàbà ti tún gbéra. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni orin fi màmá sílẹ̀ lọ.

"Màmá, n ò fọwọ́ kan eré tó ń sá o," ni Lúkmàn wí. "Bó ṣe wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà ni."

Sàbírátù jókòó, ó sì bú sẹ́kún. "Kì í ṣe eré nìkan. Látọjọ́ tó ti kú, bí mo bá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yìí, kì í jọ ohùn ẹ̀ létí mi. Mo ti gbàgbé ohùn àbúrò mi, Lúkmàn. Ọmọ ìyá mi! Kí ni mo fẹ́ wí fún ọmọ ẹ̀?"

"Due, due," ni Bàbá Fuseini fi ń tù ú nínú, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Lúkmàn ò pa ẹ̀rọ. Ó jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì náà máa lọ, ó lọ dé ìparí tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ dé. Orin tán. Ohùn ọmọdé kan pariwo: "Ẹ pa á o! Bátìrì ti ń kú lọ!"

"Ọmọ ta nìyẹn?" ni Lúkmàn bèèrè.

Bàbá Fuseini họ irùngbọ̀n. "Èmi ni."

Bàbá tí yóò húkọ́ ní Fante New Town tí ewúrẹ́ á dìde! Ó wá ṣàlàyé. Ọjọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀, kò síná ní gbogbo ìlú, Sàbírátù wà lọ́jà, Lùbàbà ní kí òun bá a gba orin sílẹ̀. Bátìrì tí òun ti sá sóòrùn ọjọ́ mẹ́ta, tí òun tún fi eyín tẹ̀, ni òun kì bọnú rédíò kásẹ́ẹ̀tì.

Lúkmàn lu tábìlì. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe wá báyìí! Bátìrì ò lágbára, ẹ̀rọ ń wọ́ nílẹ̀ nígbà tó ń gba orin. Bí ẹ̀rọ tó lágbára bá wá ń kọ ọ́, orin ò ní ṣàìsáré. Ohùn á sì ga."

Eré tí kì í jẹ́ kó yí padà láéláé yẹn, tí ó fi ń fọ́nnu, òun gan-an ló tú sílẹ̀, kí eré àti ohùn jọ máa wálẹ̀. "Bàbá, ẹ tún un sọ bí ẹ ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ká fi ohùn yín wé ti kásẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ pa á o! Bátìrì ti ń kú lọ!"

Kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń fọhùn bí ọmọdé. Ó tún fà á wálẹ̀. Bàbá tún un sọ. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, àwọn tó ń ta fóònù nísàlẹ̀ sáré gòkè wá wo ohun tó ń jóná. Lẹ́ẹ̀keje, bàbá àti kásẹ́ẹ̀tì di ẹnì kan. Bátìrì kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà Lúkmàn fi etí wọn ìbẹ̀rẹ̀ orin, kò fà á tó ti ìparí. Ó wá tẹ̀ ẹ́ kó dún.

Ohùn kan jáde, ó nípọn, kò kánjú.

"Lùbàbà!" Sàbírátù ti dìde. "Òun nìyẹn! Wàláì, bó ṣe wà létí mi gẹ́lẹ́ nìyẹn! N ò gbàgbé ẹ, Fuseini, n ò gbàgbé ẹ!" Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí gbè é.

Lọ́jọ́ Sátidé, Lúkmàn fúnra rẹ̀ ló ru ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé Fante New Town. Hamdia dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú ìborùn funfun. Lùbàbà bi gbogbo ilé pé, "Ọmọ mi ń relé ọkọ, ta ni yóò bá mi mú un lọ?" ó sì dákẹ́.

Sàbírátù di ọwọ́ ọmọ náà mú. Èémí rẹ̀ tó o báyìí. "Èmi ni o, Lùbàbà. Èmi ni."

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tán nìyẹn, ọ̀kan ń lé e, ọ̀kan ń gbè é. Lúkmàn tó lẹ́nu ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kò rántí pa nǹkan kan, ni ohùn Bàbá Fuseini bá bú jáde: "Ẹ pa á o! Bátìrì ti ń kú lọ!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lúkmàn na ọwọ́ sí ẹ̀rọ.

"Ẹ má pa á," ni Hamdia wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí màmá mi tún un kọ."