Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Yàrá Cheetham Hill

Inú òórùn pańla ni mo ti kàwé gboyè ní Manchester. Lánlọ́ọ̀dù mi ní Cheetham Hill, ọmọ Yorùbá bíi tèmi tó ń ta oúnjẹ ilé wa, ló kó páálí pańla sínú yàrá tí mo háyà, mo sì kórìíra ọkùnrin náà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má tíì bá mi wí, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná.

Ìtàn Amẹ́ríkà ni mò ń kọ dissertation lé lórí nígbà náà, bí ìjọba wọn ṣe ń fẹ ilẹ̀ rẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ lọ́wọ́ Faransé láì bi àwọn tó ń gbé orí ẹ̀ léèrè. Wọ́n á bá àwọn àgbà onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ṣàdéhùn, wọ́n á fa ààlà, wọ́n á ní àwọn ò ní kọjá ibẹ̀ mọ́. Kò ní pẹ́, wọ́n á tún gbé àdéhùn mìíràn dé. Nígbà tó yá, àwọn aṣòfin dìbò pé kí onílẹ̀ kẹ́rù, kó kọjá odò Mississippi. Wọ́n kó ẹrú wá gbin òwú sórí ilẹ̀ tí wọ́n lé wọn kúrò, òwú ọ̀hún ló sì ń wọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Manchester níbí. Inú máa ń bí mi tí mo bá ń kà á, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn yẹn ni mò ń bínú sí jù. Olùkọ́ mi, òyìnbó obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni èmi ì bá ṣe ní ipò wọn. Mo ní, "Ǹ bá ní rárá. Kí ló le níbẹ̀?"

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni lánlọ́ọ̀dù kan ilẹ̀kùn mi. "Àbúrò, jẹ́ n gbé páálí kan sí igun yìí, ṣọ́ọ̀bù ti kún." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Kò burú, sà." Páálí kan di odindi igun. Fíríísà tẹ̀lé e, ó ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Kò burú, sà. Ó ní kí n sún tábìlì mi kúrò lójú fèrèsé, mo sún un. Báwo ni màá ṣe wo ojú àgbàlagbà kí n kọ̀ fún un? Ìyá mi á gbọ́ ọ n'Íbàdàn.

Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí n kó dissertation náà fún olùkọ́ mi, tó jẹ́ pé bí mi ò bá ṣe é, ọwọ́ òfo ni màá fi padà sílé, mo ti láíbìrì dé, mo bá tábìlì mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé mi nínú báàgì Ghana-must-go, àbúrò ìyàwó lánlọ́ọ̀dù lórí bẹ́ẹ̀dì mi, lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, yàrá mi nìyẹn."

"Ṣé mo fipá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ ni? Gbogbo ẹ̀ ni mo bi ẹ́, o sì ní kò burú. Lọ máa sùn ní pálọ̀."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ọ̀rẹ́ mi kan ní Salford ni mo ti parí dissertation náà. Gbogbo èébú tí mo ti bu àwọn àgbà yẹn sínú ẹ̀ ni mo pa rẹ́.

Mo ti níṣẹ́ báyìí, ibòmíràn ni mo sì ń gbé. Síbẹ̀, tí bọ́ọ̀sì bá gbé mi gba Cheetham Hill Road, inú á tún bí mi. Mo sọ rárá fún ọkùnrin yẹn o, mo sọ ọ́ ketekete. Ìta ni mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo kó jáde, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, lẹ́yìn tó ti tilẹ̀kùn. Mo sì tún fi "sà" kún un.