Ẹni tí Ìyàwó Télọ̀ Ń Bá Sọ̀rọ̀ Lọ́jọ́bọ̀

Láti ìgbà tí nǹkan oṣù ìyàwó télọ̀ ti dáwọ́ dúró ni ooru kan ti ń ká a mọ́ bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Ilé alágbàfọ̀ ló ti ń lọṣọ. Bó bá ti di áyọ́ọ̀nù mú, òógùn á bò ó, ojú rẹ̀ á pọ́n, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ sá síta. Dókítà kò fún un ní oògùn họ́mọ̀nù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i lẹ́sẹ̀ rí. Ó ní kó máa lọ rí agbaninímọ̀ràn kan nílé ìwòsàn lọ́jọ́bọ̀, tí yóò kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fara da ooru náà.

Télọ̀ ò rí wàhálà nínú ìyẹn, àfìgbà tó gbọ́ pé ọkùnrin ni agbaninímọ̀ràn ọ̀hún, ọ̀dọ́ sì tún ni.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ti télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Bí ìyàwó rẹ̀ bá kun àtíkè lọ́jọ́bọ̀, á pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, á máa wò ó. Bó bá padà dé tára rẹ̀ balẹ̀, tó ń kọrin jẹ́jẹ́, ìyẹn ló tún burú jù. Lọ́jọ́ kan, ó gé ṣòkòtò oníbàárà kúrú torí pé ojú rẹ̀ wà lọ́nà.

“Kí lẹ máa ń sọ níbẹ̀ gan-an?”

“Ọ̀rọ̀ ara mi ni.”

“Èmi tí mo jẹ́ ọkọ ẹ ò gbọ́ ọ, òun ló ń gbọ́ ọ?”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Bàbá wa, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.”

Wọ́n jọ lọ. Agbaninímọ̀ràn kí télọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi obìnrin náà bí ọ̀sẹ̀ ṣe rí. Ìyàwó ní ooru náà dé níṣojú àwọn oníbàárà, òun rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òun mí kanlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí agbaninímọ̀ràn ṣe kọ́ òun, òun sì sọ fún ara òun pé yóò kọjá. Ó kọjá lóòótọ́.

“Ẹ̀rù tó ń bà mí jù ni pé ọkọ mi á rò pé mo ti gbó.”

Télọ̀ wolẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ó ní, “Kí ló dé tó ò sọ ìyẹn fún mi?”

“Òun ló bi mí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju abẹ́rẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi í bí ara ṣe rí, ìyàwó sì ń sọ díẹ̀ fún un. Ooru ṣì máa ń dé, ṣùgbọ́n kì í lé e kúrò nídìí iṣẹ́ mọ́. Ní ti agbaninímọ̀ràn, télọ̀ ò fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń sin ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà, tó ń jókòó síta, tó ń fetí sí ilẹ̀kùn.