Sátidé tí Gbọ̀ngàn Kún Lójú Kọ̀ǹpútà

Bí fíìmù olówó gọbọi bá ń bọ̀ ní sinimá wa ní Riviera, l'Abidjan níbí, inú gbogbo èèyàn á máa dùn. Ẹ̀rù ni tèmi. Èmi ni mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Tí èrò bá wá, ọ̀gá á ní fíìmù náà dára. Tí èrò ò bá wá, á máa wò mí bíi pé èmi ni mo ṣe é.

Eléyìí tí mò ń sọ, akọni kan ló wà nínú ẹ̀ tó ń fò lójú ọ̀run, tó ń fi ọwọ́ lásán gbé ilé alájà. Wọ́n lẹ àwòrán ẹ̀ mọ́ ara ògiri wa láti òkè délẹ̀. Ọ̀gá ní owó tí wọ́n ná sórí ẹ̀ tó kọ́ odindi ìlú. Àmọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìròyìn burúkú ti ṣáájú ẹ̀ dé: lókè òkun lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn ò lọ wò ó. Lọ́jọ́ Jimọ̀, ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní àwọn tó ń gbé fíìmù wá fún wa fẹ́ ti gbọ̀ngàn kékeré pa, pé tí kò bá kún lọ́jọ́ Sátidé, kí èmi tí mo wà nídìí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ yáa máa wá iṣẹ́ míì. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀.

Mo délé, mo rò ó fún ìyá mi. Ta ni ǹ bá tún rò ó fún? Bàbá wa ti kú, àwọn àbúrò mi ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ní lycée, iṣẹ́ mi yìí la sì gbójú lé. Garawa àti abọ́ oníke ni ìyá mi ń tà lọ́jà Adjamé, ọjà ọ̀hún ò sì fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó ní, "Ṣé torí káwọn èèyàn wá rajà lọ́wọ́ ẹ ni gbogbo ariwo yìí? Lọ jẹun jàre."

Ó yẹ kí n ti fura. Ibí ni wọ́n bí mi sí, Faransé ni mo fi ń ka nọ́ńbà, àmọ́ mo mọ àṣà àwọn ọmọ Ìgbòho tó wà ní Abidjan. Bí ọmọ ìlú wa kan bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa lọ rajà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá wọ́n nílò ẹ̀ o, bóyá wọn ò nílò ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó pá lórí tó ra òòyà.

Láàárọ̀ Sátidé, gbaka kan, bọ́ọ̀sì akérò, dúró níwájú sinimá wa. Ìyá mi bọ́ sílẹ̀, àwọn ìyá ẹgbẹ́ ìlú wa sì ń bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n kí mi, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ra gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì aago mẹ́ta tó kù. Lójú kọ̀ǹpútà, àwọn àga tí wọ́n ti rà ń di pupa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí gbogbo ẹ̀ fi pọ́n. Díẹ̀ ló kù kí n jó. Ọ̀gá jáde wá wò ó, ó sì gbé fóònù, ó ń fọ́nnu fún àwọn tó ń gbé fíìmù wá.

Aago mẹ́ta lù. Àwọn ọ̀dọ́ kan wọ ọkọ̀ wá láti Williamsville, mo ní "complet", kò sáyè mọ́. Wọ́n fi Nouchi, èdè ọmọ ìta Abidjan, bú mi, wọ́n lọ. Mi ò rí ìyá mi. Mo ní bóyá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló dá wọn dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ fíìmù, mi ò rí wọn. Mo yọjú sí gbọ̀ngàn: tọkọtaya kan péré ló jókòó síbẹ̀, gbogbo ìyókù ṣófo.

Ohun tí wọ́n fi lé ẹni tó wà nídìí tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú mi nìyẹn gẹ́lẹ́: kọ̀ǹpútà ní èrò kún, gbọ̀ngàn ṣófo, wọ́n ní ó lu jìbìtì. Mi ò sì lè ní kí ẹnikẹ́ni wọlé láìní tíkẹ́ẹ̀tì, jìbìtì ni wọ́n máa pe ìyẹn náà. Ibi tí mo ti ń làágùn ni ọ̀gá ti dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé fíìmù wá ti balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Port-Bouët, pé tààrà ló ń bọ̀, ó fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí gbọ̀ngàn tó kún.

Mo sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo pe ìyá mi.

"Màámi, níbo lẹ wà?"

"Níbo ni mo tún máa wà? Ọjà. Ṣé ọ̀gá ẹ ti yìn ẹ́?"

"Yéè! Ẹ ò wá jókòó!"

"Jókòó kẹ̀? A ti rajà lọ́wọ́ ẹ, a ti lọ. Kí la fẹ́ fi ọkùnrin tó ń fò bí ẹyẹ ṣe?"

Mo bú sẹ́kún. Mo ní ẹnì kan ń bọ̀ wá wo gbọ̀ngàn, tí wọn ò bá wá jókòó, wọ́n á pè mí lólè. Ó ní, "Olè? Ọmọ tèmi? À ń bọ̀."

Ọlọ́run ló yọ mí tí ọkọ̀ àlejò há sórí afárá. Àwọn ìyá ló kọ́kọ́ dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, òmíràn ṣì gbé igbá ọjà ẹ̀ sórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wọ sinimá rí láyé wọn. Ìyá mi ò tiẹ̀ kí mi. Wọ́n di aṣọ ara wọn mú, wọ́n wọnú òkùnkùn lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àlejò dé. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó wo orí àwọn èèyàn tó tò lọ rẹrẹ nínú òkùnkùn. Ó sọ fún ọ̀gá pé ní gbogbo ìlú tí òun ti dé, ibí nìkan lòun ti rí èrò tó tó báyìí, kí wọ́n má ì tíì ti gbọ̀ngàn náà pa. Ọ̀gá gbá mi léjìká, wọ́n lọ mu kọfí. Mo fara ti ògiri gbọ̀ngàn.

Ibẹ̀ ni mo ti wá ń gbọ́ fíìmù náà dáadáa. Ogun ni wọ́n ń jà nínú ẹ̀. Ìbọn ń dún, bọ́ǹbù ń dún, ògiri ń mì lẹ́yìn mi. Ní Abidjan, tó bá ti di báyìí, àwọn òǹwòran á máa pariwo, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún akọni. Mi ò gbọ́ ohùn ẹnì kankan. Ẹ̀rù míì bà mí, mo wọlé, mo tan iná fóònù mi.

Báàgì ni mo rí lórí àga. Báàgì, igbá, àpò ọjà, wọ́n fi ìborùn wé wọn kí wọ́n lè dà bí orí èèyàn. Àwọn tó ni ìborùn wà nílẹ̀ láàárín àga, wọ́n ká jọ, wọ́n fọwọ́ di etí. Nígbà tí ogun jà nílùú yìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìyá mi kó wa sí, ó fi ara ẹ̀ bò wá, bọ́ǹbù ń dún báyìí náà. Mo sì mọ̀ pé ogun yẹn ni wọ́n tún ń gbọ́.

Mo wá a títí mo fi rí i. Ó ń gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ kan wà lókè, ó fi di báàgì orí àga ẹ̀ mú kó má bàa ṣubú.

"Ṣé wọ́n ti wò wá tán?" ló bi mí.

Mo ní wọ́n ti wò yín tán, Màámi, ẹ dìde ká máa lọ. Ó ní rárá o, wọ́n lè tún padà wá wò. Mo jókòó tì í nílẹ̀, èmi náà bá a di báàgì náà mú.